Koríko Oṣù Kejìlá

Oṣù mọ́kànlá ni mo fi ń lé ènìyàn kúrò lórí koríko.
Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ọgbà, ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta,
lẹ́yìn ògiri reluwé, níbi tí igi fúrúùtù mẹ́fà
ti ń da ewé pupa sílẹ̀
bí ẹni pé wọn kò rí mi pẹ̀lú ìgbálẹ̀.
Ẹ MÁ TẸ KORÍKO. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́,
ọ̀dà funfun lórí páànù.
Àmì orí rẹ̀ kò pé, ṣùgbọ́n ó yé ewúrẹ́ pàápàá.

Ìléyá kì í dùn mí tó báyìí.
Àwọn ọmọ Òtò a kó àgbò wá, àgbò a kan àgbò,
wọ́n á jẹ díẹ̀ nínú koríko, ó dára,
wọ́n á sì fi ajílẹ̀ dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti ń la ètè,
tí ọ̀sà kò hàn mọ́ láti orí afárá,
àwọn ará káńsù á dé tòòlù tokùn,
wọ́n á fa páànù mi tu,
wọ́n á gbé e ti ẹ̀yìn ilé omi.
Wọ́n ní, "Ìyá Ọgbà, ọdún dé."
Mo ní ọdún dé, koríko ńkọ́?
Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Wọ́n so iná wẹẹrẹ mọ́ igi,
àwọn àdán tó ń sùn síbẹ̀ ṣí lọ láìdágbére.
Jẹnẹrétọ̀ dé, ó ń wúkọ́ bí arúgbó.
Irinwó àga oníke dé.
Ilé rọ́bà kan dé tí atẹ́gùn kún inú rẹ̀,
àwọn ọmọdé ń fò sókè, wọ́n ń ṣubú,
wọ́n ń pariwo bí ẹ̀gà tó rí ọ̀pẹ.

Bàbá Kérésì ọdún yìí, Mùtíù ajórinmọ́rin ni,
ará Òyìngbò. Òwú ni irùngbọ̀n rẹ̀.
Ẹ̀wù pupa náà fún mọ́ ọn lábẹ́ apá,
òógùn ń ro lára rẹ̀ láìka ọyẹ́ sí.
Nígbà tí wọ́n pe alásárì láti mọ́ṣáláṣí òpópónà kejì,
ó bọ́ irun kí ó lè kí ìrun.
Ó gbé òwú náà lé mi lọ́wọ́ bí ọmọ tuntun,
ó fi búta mi ṣe àlùwàlá,
ó kọjú sí gábàsì, ó forí kanlẹ̀ lórí koríko mi.
Ọgọ́ta ọmọ tò, wọ́n ń wò ó, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀.
Ọmọbìnrin kan tó wọ bàtà pupa fà mí láṣọ:
"Mà, ṣé ibẹ̀ ló ti ń tọrọ ẹ̀bùn tó ń fún wa?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
N kò tíì mọ̀ bóyá irọ́ ni mo pa.

Lálẹ́ ìparí ọdún, bí bánńgà ti ń dún
tí gbogbo ajá Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta wà lábẹ́ ibùsùn,
Alàgbà Ṣódìmú, tó ti fẹ̀yìntì ní reluwé,
jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó máa ń jókòó sí.
Aago méjìlá lù. Ó yọ fèrè gáàdì lápò,
ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbọọrọ,
bí ẹni tó ní kí ọkọ̀ gbéra.
Ó ká a padà sínú aṣọ ìnujú, ó lọ sùn.

Ọjọ́ kejì oṣù kìíní, mo gbálẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n.
Ìdérí ìgò kún garawa méjì.
Mo rí dígí ojú kan, àti ìdajì ìyẹ́ áńgẹ́lì tí wọ́n fi páálí ṣe,
àti bàtà pupa kan, ẹsẹ̀ òsì.
Bí ìyá rẹ̀ bá bi yín, ẹ ní ó wà ní ilé omi,
mo ti fọ̀ ọ́.
Koríko ti di iyanrìn. Níbi tí ilé rọ́bà wà,
ilẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí èékánná ẹni tó jẹ mángòrò.

Mo gbé páànù mi jáde. Mo wò ó.
Kí ni mo fẹ́ kí wọ́n má tẹ̀?
Mo dá a padà sẹ́yìn ilé omi.
Ó di àkọ́rọ̀ òjò.